Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù n'Ìbàdàn: báwo lẹ ṣe ń gbé e fún èèyàn lò wò láìsí owó?

ọmọ_ẹ̀yìn_ọjà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Tíìmù kékeré kan ni mo wà ní Bódìjà níbí, àwa mẹ́rin péré, ẹni méjì ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń ṣe dìsáìnì, èmi ni product manager, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó áàpù náà, èmi náà ni mo tún ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Áàpù àwọn alájọ là ń ṣe, àwọn tó ń lọ gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, kí wọ́n lè máa kọ ọ́ sórí fóònù dípò inú káàdì, kí ẹni tó ń dá àjọ náà sì máa rí iye tó ti dá lórí fóònù tiẹ̀. Ọ̀gá wa ní ká gbé e jáde kóṣù yìí tó parí. Mo ní ṣé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tó máa lò ó ká jókòó wò wọ́n, ìyẹn usability test tí gbogbo ayé ń sọ, wọ́n ní owó dà, wọ́n ti gbọ́ iye tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí l'Ékòó ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é láìsí owó, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mélòó? Níbo lẹ ti rí wọn? Kí lẹ fún wọn? Báwo ni mo sì ṣe máa mú àwọn akóòdù wa lọ, torí wọ́n ní áàpù náà ò le, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá á lò ó.

Ṣáńgo2Dùgbẹ̀:
Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ló ń gba àjọ, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.
Èèyàn márùn-ún tó. Àwọn olùwádìí méjì, Jakob Nielsen àti Tom Landauer, ti ṣírò ẹ̀ láti 1993, wọ́n kó oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ wò, wọ́n rí i pé tí ẹnì kan ṣoṣo bá lo nǹkan náà lójú ẹ, tá a bá pín in dọ́gba, ó máa ń tú bí ìdá 31 nínú 100 àwọn ìṣòro tó wà níbẹ̀ síta, ẹnì kejì á tún tú tiẹ̀ àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ o ti rí i lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ẹni karùn-ún wàá ti rí bí 85. Lẹ́yìn ìyẹn ohun kan náà ni wàá máa rí ṣáá, á sú ẹ. Nielsen wá kọ ọ́ ní 2000 pé bó o bá tiẹ̀ lówó èèyàn 15, má kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pín wọn sọ́nà mẹ́ta, wo márùn-ún, tún un ṣe, wo márùn-ún mìíràn, tún un ṣe. Tìẹ ní oríṣi èèyàn méjì, alájọ àti ẹni tó ń dá a, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, torí náà wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ó parí.

ẹ̀rí_dà:
Ẹ rọra parí ẹ̀ o. Ìdá 31 yẹn, ìpíndọ́gba ni, kì í ṣe òfin. Olùwádìí míì, Laura Faulkner, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò ní 2003, ó lo èèyàn 60, ó wá ń ṣa wọn ní márùn-ún márùn-ún, àwọn márùn-ún kan rí ìdá 99, àwọn márùn-ún mìíràn rí 55 péré. Nígbà tó sọ ọ́ di mẹ́wàá mẹ́wàá, èyí tó rí kéré jù rí 80. Àwọn tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ló máa sọ ohun tó o máa rí. Mi ò ní kó má ṣe é, mo ní kó má lọ bá ọ̀gá ẹ̀ pé a ti dán an wò, kò síṣòro mọ́.

Ṣáńgo2Dùgbẹ̀:
Mo gbà, àmọ́ ní báyìí ẹnì kankan ò tíì lò ó. Tiwọn ṣì jẹ́ òdo.

aṣọ_Gbági:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, ọmọ oníṣòwò ni mí, ìyá mi ń ta aṣọ ní Gbági títí dòní, iṣẹ́ ìwádìí yìí náà ni mò sì ń ṣe jẹun. Má lọ sọ́jà láàárọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń wojú ẹni tó máa kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ wọn, tó o bá lọ dúró síwájú ìsọ̀ èèyàn tó ò ra nǹkan kan, ojú tí wọ́n máa fi wò ẹ́ kò ní dáa, wọn ò sì jẹ̀bi. Aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ti mú, ọjà ti rọ̀, àwọn kan ti gbórí lé ìdì aṣọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ráyè tìẹ. Kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ìlà ìsọ̀ yẹn, lọ kí wọn dáadáa, sọ ohun tó o bá wá àti ibi tó o ti wá, torí àjèjì tó bá ń na fóònù sí èèyàn lọ́jà, bí wọn ò bá pè é ní agbowó orí wọ́n á pè é ní gbájúẹ̀, pàápàá tí ọ̀rọ̀ owó àjọ bá wà ńbẹ̀. Wọ́n ti sá lọ pẹ̀lú owó àwọn èèyàn wọ̀nyí rí, wọn ò gbàgbé.

Èyí tó wá ṣe kókó jù nìyí: kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé iṣẹ́ ẹ ò dáa. Tó o bá bi wọ́n pé "Mà, ṣé ó rọrùn?" wọ́n á ní "Ó rọrùn gan-an ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ ó tà," wọ́n á gbàdúrà lé e, wàá ṣe àmín, wàá padà sí Bódìjà pẹ̀lú ìdùnnú, o ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìwà ọmọlúàbí ni, kì í ṣe irọ́, wọn ò fẹ́ já ẹ kulẹ̀ ni. Torí náà yéé béèrè pé ṣé ó dáa. Fún wọn ní iṣẹ́ ṣe, kó o máa wo ọwọ́ wọn, ibi tí ìka ti dúró, ibi tí wọ́n ti wo ojú ẹ bóyá wàá ran àwọn lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti sún fóònù jìnnà kí wọ́n lè kàwé orí ẹ̀. Má sì pe ara ẹ ní ẹni tó ṣe áàpù náà. Ní iṣẹ́ tìẹ ni kó o wá ibi tó ti le, pé ibi tó bá ti dí wọn lọ́wọ́ lo wá wá, àti pé àwọn kọ́ là ń dán wò, fóònù là ń dán wò. Sọ ìyẹn tó ẹ̀ẹ̀mejì, torí bí ọwọ́ bá ti kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan báyìí wọ́n á ní "àwa ò kàwé ni o," wọ́n á gbé fóònù padà fún ẹ.

tísà_Àgbówó:
Kí n fi kún ti àǹtí aṣọ_Gbági. Nínú ìwé, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ń lò ó máa sọ gbogbo ohun tó ń rò síta bó ṣe ń lò ó. Clayton Lewis ló mú un wọ iṣẹ́ wa yìí nígbà tó wà ní IBM ní 1982. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn máa ń ṣe é dáadáa, wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ àsọjù. Àmọ́ kó o ní kí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún máa dá sọ̀rọ̀ níwájú ìsọ̀ wọn, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́, wọ́n á dákẹ́ ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wá ẹni méjì tó mọ ara wọn, àwọn tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra, mo máa ń fún wọn ní fóònù kan ṣoṣo. Kíá lo máa gbọ́ "tẹ ibẹ̀ yẹn," "n ò tẹ̀ ẹ́, tó bá lọ yọ owó mi ńkọ́?" "kò lè yọ ọ́, wò ó, ó ní o ti dá," "èwo ni mo ti dá, ti àná ni àbí tòní?" Wọn ò rántí ẹ mọ́. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, má túmọ̀ ẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì tó o bá dé ọ́fíìsì. Ohun kan ṣoṣo tó o máa ṣọ́ ni pé ẹni tó mọ fóònù jù nínú àwọn méjèèjì máa fẹ́ já a gbà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó yẹn gan-an ni kó o fi fóònù sí lọ́wọ́.

kóòdù_ní_Mọ́kọ́lá:
Akóòdù ni mí, ẹ má bú wa jù.
Má gbé fóònù tìẹ lọ. Fóònù tiwọn ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, èyí tó ti là lójú, tó kún fún fídíò WhatsApp, tí lẹ́tà orí ẹ̀ ti tóbi torí ojú, tẹ́ ẹ bá rí ohun tí lẹ́tà ńlá yẹn máa ń ṣe fún bọ́tìnnì, ó máa ń tì í wọ ìsàlẹ̀ kúrò lójú pátápátá. Ẹlòmíì máa kọ iye owó tán, kíbọ́ọ̀dù á ti bo ibi tó yẹ kó tẹ̀, yóò sì jókòó kó máa retí pé á lọ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà, tẹ́ ẹ bá lo kàlẹ́ńdà tó bẹ̀rẹ̀ látorí ọdún yìí, ẹni tí wọ́n bí ní 1963 máa fà á padà lóṣù lóṣù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

OTP ńkọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí áàpù lè mọ̀ pé ìwọ ni? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fóònù méjì ni wọ́n ní, síìmù tí wọ́n fi ṣe báńkì wà nínú kékeré onítọ́ọ̀ṣì, fóònù ńlá kàn ń jẹ dátà ni. Nọ́ńbà OTP á wọ inú kékeré, kí wọ́n tó wá awò ojú, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tó padà sórí èyí ńlá, ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fún un ti pé, áàpù á ní kí wọ́n tún béèrè òmíràn. Ẹ ò lè rí ìyẹn lọ́fíìsì láé, torí gbogbo wa síìmù wa wà nínú fóònù tá a fi ń dán an wò.

Rẹkọ́ọ̀dù ò gbowó. Láti Android 11, ìyẹn 2020, ohun tó ń ká ojú fóònù sílẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, àmọ́ kì í sí nínú àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú míì, ààyè ò sì ní sí lórí èyí tó kún. Kí ẹnì kan kúkú na fóònù kejì láti ẹ̀yìn èjìká wọn, ọwọ́ wọn àti fóònù nìkan ni kó mú, má jẹ́ kó mú ojú wọn.

Nípa àwa akóòdù, má bá wa jiyàn, mú wa lọ. Ẹnì kan lójúmọ́, ìwọ sọ̀rọ̀, òun kọ nótì, òfin ibẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ẹ má lọ lẹ́ni mẹ́rin o, ẹ máa jọ àwọn tó wá ti ìsọ̀ pa.

ọmọ_ẹ̀yìn_ọjà:
Ti síìmù yẹn dẹ́rù bà mí gan-an, kò wá sí wa lọ́kàn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fún wọn níṣẹ́ ṣe, irú iṣẹ́ wo? Mo ti kọ "Tẹ 'Fi owó kún un', kó o fi 2,000 sí i."

àǹtí_dìsáìnì:
O ti sọ ìdáhùn fún wọn nìyẹn. Orúkọ bọ́tìnnì wà nínú ìbéèrè, wọ́n kàn máa wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ni. Fi ìtàn sí i, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lójoojúmọ́. Fún alájọ: "Ẹ dé ìsọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́, wọ́n fún yín ní 2,000 àmọ́ wọ́n ní ti àná àti tòní ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Òmíràn: "Oníbàárà yín ní òun fẹ́ kówó òun báyìí, oṣù ò tíì parí, kí lẹ máa ṣe?" Fún ẹni tó ń dá a: "Ẹ fẹ́ mọ iye tẹ́ ẹ máa kó níparí oṣù." Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣọ́ ọ dáadáa. Gbogbo wa mọ̀ pé nínú àjọ ojoojúmọ́, ti ọjọ́ kan lóṣù, alájọ ló ni ín. Ẹni tó dá 1,000 fún ọjọ́ 31 máa kó 30,000. Tí áàpù yín bá kọ 31,000 síwájú ìyá kan, tó wá kó 30,000, ìjà dé. Tó bá sì kọ 30,000 láìsọ ìdí ẹ̀, ẹlòmíì máa ní ẹ ti jí 1,000. Lórí káàdì kò sẹ́ni tó ń béèrè torí alájọ wà níwájú wọn. Ẹ rí ohun tí wọ́n máa sọ tí wọ́n bá rí i lórí fóònù.

Iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún tó fún ẹnì kan, kó má kọjá ìdajì wákàtí. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé "ṣé kí n tẹ ibí?" má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, má sì dáhùn rárá, ní "kí lẹ rò pé ó máa ṣe tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́?" kó o wá dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí wọ́n kọ́ wa nílé pé ká má wo àgbàlagbà níran tí wọ́n bá ń làágùn. Mú un mọ́ra díẹ̀. Tó bá wá hàn pé ó ti ń ni wọ́n lára lóòótọ́, gbà á, dúpẹ́, bọ́ sórí iṣẹ́ tó kàn.

Tí kóòdù ò bá sì tíì parí, èyíkéyìí tó bá kù, yà á sórí páálí. Ojú ewé kan, páálí kan. Wọ́n á fi ìka tẹ páálí, ìwọ á gbé èyí tó kàn síwájú wọn. Ó jọ eré ọmọdé àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ dátà, àwọn èèyàn sì máa ń bú u sí i torí wọ́n rí i pé kò tíì parí.

ọmọ_ẹ̀yìn_ọjà:
Owó ńkọ́, kí ni mo máa fún wọn? Ṣé mo nílò kí wọ́n buwọ́lùwé?

tísà_Àgbówó:
Fún wọn ní nǹkan, àkókò wọn lowó wọn. Káàdì ìpè tàbí owó lọ́wọ́, 1,000 tàbí 2,000, kó o sì fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó má dà bí ẹni pé torí wọ́n yìn ín lo ṣe fún wọn. Ẹ̀yin ará Gbági lẹ máa ń ní kéèyàn rajà lọ́wọ́ wọn, ó dáa, àmọ́ mi ò kà á mọ́ owó yẹn. Alájọ ní tiẹ̀ kì í jókòó, tó o bá ní kó wá sí ọ́fíìsì o ti pa iṣẹ́ ẹ̀ lára. Bá a rìn. Gba Ọjà Bódìjà kọjá pẹ̀lú ẹ̀, kó máa fi áàpù kọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti kọ káàdì tiẹ̀, wàá rí i bóyá ó lè fi ọwọ́ kan ṣe é nígbà tí owó wà lọ́wọ́ kejì.

Ìwé, òfin Nigeria Data Protection Act, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, ti wà láti 2023, gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ṣàlàyé ohun tó o ń ká sílẹ̀, ẹni tó máa wò ó, ìgbà tó o máa pa á rẹ́. Sọ ọ́ ní Yorùbá, kó o ká ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní àwọn gbà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ BVN tàbí PIN gidi. Ṣe àkáǹtì àfiṣeré, owó àfiṣeré, orúkọ àfiṣeré sí i, kó o sọ fún wọn pé àfiṣeré ni.

ẹ̀rí_dà:
Ọ̀gá yín máa béèrè nọ́ńbà, mo mọ àwọn ọ̀gá. Má lọ sọ "ìdá 40 nínú 100 kò rí bọ́tìnnì" nígbà tó jẹ́ ẹni méjì nínú márùn-ún. Sọ pé ẹni méjì. Ẹnì kan á sì dábàá SUS fún ẹ, ìyẹn ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí nǹkan ṣe rọrùn lò tó, èyí tí John Brooke ṣe ní 1986, gbólóhùn mẹ́wàá, èsì ẹ̀ láti 0 dé 100, ìpíndọ́gba 68. Nǹkan gidi ni, àmọ́ ẹni mẹ́jọ kéré sí i, àti pé gbólóhùn kan á yin nǹkan náà, èyí tó tẹ̀ lé e á bú u, tó o bá ń kà á sétí màmá lọ́jà lọ́sàn-án ọ̀hún, "mo gbà" ni wọ́n máa dáhùn sí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ọwọ́ ìyá kan ń wá bọ́tìnnì kiri, òun ni kó o fi han ọ̀gá.

Ṣáńgo2Dùgbẹ̀:
Kó o má sì kọ ríìpọ́ọ̀tù olójú ewé rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tó túká, kí ẹni tó lọ àti ẹni tí kò lọ jókòó, kí àwọn tó lọ ka nǹkan mẹ́ta mẹ́ta tó dí èèyàn lọ́wọ́ jù, ẹ mú èyí tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ parí ṣáájú, àwọ̀ àti lẹ́tà lè dúró. Èyí tẹ́ ẹ bá mọ okùnfà ẹ̀ tó sì yá tún ṣe, ẹ tún un ṣe lálẹ́, kí ẹni ọ̀la lo èyí tẹ́ ẹ tún ṣe. RITE ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, àwọn ará Microsoft fi ṣe apá tó ń kọ́ èèyàn ní géèmù Age of Empires II, wọ́n kọ nípa ẹ̀ ní 2002. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọsẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ ò sì mọ ìdí, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹni tó kàn.

kóòdù_ní_Mọ́kọ́lá:
"Ẹ tún un ṣe lálẹ́." Ta ló máa tún un ṣe lálẹ́? Iná dà?

Ṣáńgo2Dùgbẹ̀:
😂 Ìwọ ni. Gbé láptọ́ọ̀pù ẹ wá.

ọmọ_ẹ̀yìn_ọjà:
Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, mo fi ti síìmù inú onítọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe é. Owó ọkọ̀ àti káàdì ìpè ti jáde. Àwọn alájọ mẹ́ta ní Bódìjà, ìyá mẹ́rin ní Gbági tí àǹtí aṣọ_Gbági bá lè bá wa kí olórí ìlà. Ẹ̀yìn Jímọ́ọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ká fi àwọn ọmọ ìjọ wọn méjì kún un, pé oníṣòwò làwọn náà, wọn ò sì ní gba owó.

aṣọ_Gbági:
Gbà wọ́n, má jà, àmọ́ àwọn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kó o fi wọ́n dánra wò, kó o rí i bóyá ìtàn inú iṣẹ́ rẹ yé èèyàn, bóyá ìdajì wákàtí tó, má ka ohun tí wọ́n bá sọ mọ́ ti àwọn yòókù. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o. Nípa Gbági, màá kí wọn fún ẹ lọ́la, má wá lọ́jọ́bọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù torí ọjọ́ ìmọ́tótó ọjà ni wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìsọ̀ máa wà ní títì. Mú omi dání, mú àga kékeré kan tó o bá ní, torí bó o bá dúró lé wọn lórí, wọn ò ní lè ṣe nǹkan kan.